Ọwọ́ Mélòó Ni Abẹ́rẹ́ Yìí Fẹ́?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣágámù ni mo wà, iná ti lọ látàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì lẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ má bínú. Nǹkan mẹ́ta péré ló wà lórí tábìlì mi lónìí: sírínjì kan tí wọn ò tíì lò rí, kánúlà kan, irú èyí tí wọ́n fi ń fa dírípù síni lára, àti bàírò alátẹ̀, èyí téèyàn máa ń tẹ̀ nídìí kó tó yọ ẹnu. Ẹ jẹ́ ká fi bàírò sílẹ̀ ná, iṣẹ́ tiẹ̀ ń bọ̀.

Mo ní àǹtí kan, àbúrò màmá mi, nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ Ojúde Ọba ọdún kan, ẹ̀yin náà mọ bí Ìjẹ̀bú ṣe máa ń rí lẹ́yìn Iléyá, ará Èkó dé, ará ìlú òyìnbó dé, ọ̀nà ò ṣeé gbà, ọsibítù kún bí ọjà Òkè-Ajé. Àǹtí gún bàbá kan lábẹ́rẹ́ ibà tán, wọ́n mú kọ́fà lọ́wọ́ òsì kí wọ́n fi dé abẹ́rẹ́ padà, àfi gbì, iná lọ. Abẹ́rẹ́ ò wọ inú kọ́fà, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ló wọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ọ̀gá wọn ni, "Kí ló dé tí o ò fara balẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n ju abẹ́rẹ́ lọ. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi lo oògùn tí kì í jẹ́ kí HIV wọlé, wọ́n ń bì, oúnjẹ ò lọ, kódà ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú, wọn ò lè gbóòórùn ẹ̀. Ara wọ́n le, ẹ̀rù ló kù.

Èmi ń sọ tèmi o, kì í ṣe àìfarabalẹ̀ ló gún àǹtí mi. Bí wọ́n ṣe ṣe abẹ́rẹ́ yẹn ló gún wọn.

Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sún mọ́ ọn. Ihò kọ́fà yìí ò fẹ̀ tó èékánná ọmọ ìka mi tó kéré jù. Ọwọ́ kan mú kọ́fà, ọwọ́ kan mú abẹ́rẹ́ tó ti mu ẹ̀jẹ̀, ẹ wá ní kí méjèèjì pàdé ara wọn. Ọwọ́ tó mú kọ́fà, iwájú ẹnu abẹ́rẹ́ gan-an ló dúró sí. Tó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti wọlé nìyẹn, kódà ó tiẹ̀ lè wọ inú kọ́fà kó tún gún un já lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ló fẹ́ fara balẹ̀ nínú ìyẹn láàárọ̀ dalẹ́, tí èèyàn ogójì wà lórí ìlà, tí ọmọ ń jà ràpà lórí itan ìyá ẹ̀?

Obìnrin kan wà ní Yunifásítì Virginia l'Amẹ́ríkà, Janine Jagger lorúkọ ẹ̀. Lọ́dún 1988, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde lórí ìgbà 326 tí abẹ́rẹ́ gún àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù, wọn ò bi wọ́n pé ta ló jẹ̀bi, ohun tí wọ́n ń bi wọ́n ni pé irinṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ yín nígbà yẹn. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé níbi tí wọ́n ti ń dé abẹ́rẹ́ padà ló ti ṣẹlẹ̀. Ìgbà 70 nínú 100, wọ́n ti lo abẹ́rẹ́ tán, wọn ò tíì jù ú nù ni. Àwọn irinṣẹ́ tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀ lẹ́yìn tó bá lò ó tán, òmíì nínú wọn gún èèyàn ní ìlọ́po 5 ju sírínjì lásán lọ. Ọsibítù kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà o. Ṣé ìwà èèyàn ló ń yí padà bó bá gbé sírínjì kan sílẹ̀ tó mú òmíì ni?

Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó há sínú ihò abẹ́rẹ́ ò tó ẹ̀kán kan, ó sì tó kó bá èèyàn. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV, bí ẹni 3 nínú 1,000 tó bá gún ló máa kó o, ẹ lè ní ìyẹn ò pọ̀. Hepatitis B ńkọ́, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́? Ẹni tí ò bá tíì gba àjẹsára ẹ̀, láti 6 títí dé 30 nínú 100. Lọ́dún 2002, WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, ní nínú òṣìṣẹ́ ìlera mílíọ̀nù 35 tó wà láyé, bíi mílíọ̀nù 2 ni irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gún lọ́dọọdún. Mo máa sọ eléyìí kíá torí pé ẹnì kan lè máa wò mí báyìí tí abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gún: fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, má fún un, má da bílíìṣì sí i, lọ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀, torí oògùn HIV yẹn, kó tó pé wákàtí 72 lo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, bó bá sì ṣe yá tó ló dáa tó.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́ kàn. Tí wọ́n bá ní kí ẹ̀yin ṣe abẹ́rẹ́ tí ò ní gún nọ́ọ̀sì, kí lẹ máa ṣe? Ẹ ò lè sọ pé kó kú díẹ̀ o, abẹ́rẹ́ tó bá kú, aláìsàn ló máa ké. Ó gbọ́dọ̀ mú bí abẹ, fún ìwọ̀nba ìgbà tó fi wà lára èèyàn, lẹ́yìn ìyẹn kó pòórá.

Àwọn kan fi ike gígùn wọ sírínjì lára bí àwọ̀tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá lò ó tán wọ́n á fà á síwájú, á bo abẹ́rẹ́. Kò burú, àmọ́ ẹ wo ọwọ́ mi, ọwọ́ méjì ló gbà mí, ọwọ́ kejì sì tún ti ń lọ síwájú níbi tí abẹ́rẹ́ wà. Àwọn míì so ọmọrí mọ́ ọrùn abẹ́rẹ́ bí ilẹ̀kùn, àtàǹpàkò lo máa fi tì í, á dún kọ́, ó tán. Eléyìí sàn jù, ọwọ́ kan ni, ọwọ́ yẹn ò sì kúrò lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Ibi tó kù sí ni pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ rántí tì í, ẹni tó bá sì ti ṣiṣẹ́ òru mọ́jú rí mọ ohun tí ìrántí máa ń fojú èèyàn rí.

Bàírò wá dà? Mo tẹ̀ ẹ́, ẹnu yọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ẹnu wọlé. Ẹ jẹ́ kí n tú u. Sípíríǹgì kékeré tó wà níwájú yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ máa fojú inú wò ó pé sípíríǹgì yìí ló wà ní fífún pọ̀ nínú ẹnu sírínjì, òrùka kan ló dì í mú tòun ti abẹ́rẹ́, igi tí nọ́ọ̀sì fi ń ti oògùn sì ní ihò nínú bí ọparun. Nọ́ọ̀sì ń ti oògùn lọ, ó tì í dópin, ó fi agbára díẹ̀ kún un, òrùka yẹn yẹ̀, ẹnu igi yẹn ṣí, fìrì, sípíríǹgì ti gbá abẹ́rẹ́ sẹ́yìn sínú ihò igi. Ó tún lè ṣe é nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú ẹran aláìsàn, tó fi jẹ́ pé ẹnu abẹ́rẹ́ ò fojú kan ìta mọ́. Ẹnjiníà kan ní Texas, Thomas Shaw, rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé dókítà kan kó HIV látara abẹ́rẹ́ tó gún un, ló bá jókòó ti ọ̀rọ̀ sírínjì, VanishPoint ló sì ti ibẹ̀ jáde, irú èyí tí mo ń ṣàlàyé yìí gan-an.

Họ́ọ̀wù! Sípíríǹgì ti fò lọ sábẹ́ àga. Ẹ rí i? Wàhálà tiẹ̀ náà nìyẹn. Tó bá le jù, bó ṣe ń gbá abẹ́rẹ́ padà ni ẹ̀jẹ̀ lè ta sójú èèyàn, tó bá sì dẹ̀ jù, abẹ́rẹ́ á há sójú ọ̀nà. Ibi tí àwọn tó ń ṣe sírínjì ti ń ro ìyẹn, oorun kì í kun wọn.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni kánúlà yìí. Abẹ́rẹ́ irin ló wà nínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, rọ́bà ló máa kù sínú iṣan, irin la máa fà jáde. Ẹ wo ìdí ẹ̀, kinní kan ń dán níbẹ̀, kílíìpù ni, kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ púpọ̀, abẹ́rẹ́ gba àárín ẹ̀ kọjá. Mo ń fa abẹ́rẹ́ bọ̀... díẹ̀díẹ̀... bí ẹnu abẹ́rẹ́ ṣe kọjá apá kílíìpù báyìí, apá yẹn pa dé mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n jọ jáde. Mo fi ìka mi sí i, kò gún mi. Mi ò tẹ nǹkan kan, mi ò rántí nǹkan kan, èmi kàn ń ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi èyí mú o: sírínjì tí wọ́n fi ń gún àwọn ọmọ wa ní àjẹsára ní ilé ìlera, èyí tí igi ẹ̀ máa ń há lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí lára àwọn tí mò ń sọ. Lọ́dún 1999, WHO àti àjọ UN méjì míì, UNICEF àti UNFPA, jọ sọ pé kó tó di ìparí 2003, òun nìkan ni kí gbogbo ìlú ti máa lò fún àjẹsára, kí ẹnikẹ́ni má bàa lò ó fún ọmọ kejì. Ọmọ tó wà lẹ́yìn lórí ìlà ló ń dáàbò bò. Nọ́ọ̀sì tó mú un lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ṣì wà níta gbangba fún un.

Kí ló wá dé tí gbogbo ọsibítù ò lo èyí tó dáa? Owó ni. Nígbà tí WHO sọ lọ́dún 2015 pé kí gbogbo ayé bọ́ sórí sírínjì tó láàbò kó tó di 2020, wọ́n ní sírínjì lásán ò ju sẹ́ǹtì 3 sí 4 owó Amẹ́ríkà lọ tí àjọ UN bá ló ń rà á, tó láàbò yìí ó kéré tán ìlọ́po méjì. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀ fún ọsibítù tó ń ra jẹnẹrétọ̀, tó ń ra dísù, tí aláìsàn ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ igba náírà kúrò. L'Amẹ́ríkà, òfin ló lé wọn débẹ̀, Clinton tó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà yẹn fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 2000, ní Yúróòpù wọ́n ṣe tiwọn lọ́dún 2010. Níbi tí kò bá sí, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni là ń lò: má dé e padà rárá, gbé safety box, páálí tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ sí, sún mọ́ ẹ níbi tí o ti ń gún un, tó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kí o pa á dé, torí ẹni tó ń kó ilẹ̀, òun náà ní ọwọ́. Tó bá wá di dandan kí o dé e, fi kọ́fà lélẹ̀ lórí tábìlì, fi ọwọ́ kan ti abẹ́rẹ́ bọ inú ẹ̀, kí ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn.

Àǹtí mi ti wá di ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù báyìí. Tí àwọn tó ń ta ọjà ìṣègùn bá gbé sírínjì tuntun wá láti Èkó, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n ka ìwé kankan sí wọn létí. Wọ́n á wọ gílọ́ọ̀fù, wọ́n á ti ọwọ́ méjèèjì bọ omi ọṣẹ, wọ́n á ní kí nọ́ọ̀sì kékeré kan pa iná, ọwọ́ òsì á lọ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹṣẹ̀kẹ̀ dè, wọ́n á wá fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan gún ọsàn. Oṣù tó kọjá, ojú mi ló ṣe. Sírínjì kejì tí wọ́n dán wò yọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn ò lè fa ike ẹ̀ síwájú láìjẹ́ pé ọwọ́ òsì wá ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Ọwọ́ mélòó ni abẹ́rẹ́ yìí fẹ́, bọ̀dá?"

Bọ̀dá tó gbé e wá ní, "Méjì ni mà, àmọ́ tí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn lára..."

Wọ́n jù ú sínú páálí, wọ́n ní kí wọ́n gbé òmíì wá.