Anna May Wong: Òṣèré Tí Ó Kọ́ Èdè Bí Ẹni Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá síwájú yín lónìí: bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣèré, ṣé èdè lè ṣí i? Ìgbésí ayé Anna May Wong, òṣèré sinimá ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ ti Ṣáínà wá, ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ náà.

Ìlú Los Angeles ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 3, oṣù Kìíní, ọdún 1905, ilé ìfọṣọ sì ni bàbá rẹ̀ fi ń bọ́ ìdílé. Wong Liu Tsong ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Ẹ̀ka-èdè àwọn ará Taishan, ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà, ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Bí ó bá ti jáde sí ìta, Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sinimá kò tíì ní ohùn. Ojú, ọwọ́ àti ìdúró ni òṣèré fi ń sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi í léèrè bí ahọ́n rẹ̀ ṣe rí. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ó ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn nínú The Toll of the Sea (1922), ọ̀kan lára àwọn fíìmù aláwọ̀ àkọ́kọ́ ní Hollywood. Síbẹ̀, ipa ẹrúbìnrin tàbí obìnrin ẹlẹ́tàn ni wọ́n ń fún un lẹ́yìn náà, òun náà ni wọ́n sì sábà máa ń pa kí fíìmù tó parí. Òfin Califonia kò gbà kí aláwọ̀ funfun fẹ́ ọmọ Ṣáínà, àwọn tí ń ṣe sinimá kò sì fẹ́ kí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn lójú àwòrán.

Ní 1928, ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba Yúróòpù lọ. Ní 1929, ó bọ́ sórí ìtàgé ní London pẹ̀lú Laurence Olivier, òṣèré ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ rẹ̀ wu àwọn lámèyítọ́, ìrìn rẹ̀ wù wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí ó lanu, ohùn Califonia ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò bá wọn jà. Ó sanwó fún olùkọ́, ó sì kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀tọ̀kùlú London bí ẹni ń kọ́ èdè àjèjì.

Ibi tí mo ti fẹ́ dúró díẹ̀ nìyí. Nígbà tí sinimá di elédè, ọgbọ́n fífi ohùn ẹlòmíràn sí òṣèré lẹ́nu kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ta fíìmù kan ní ilẹ̀ mẹ́ta, ó di dandan kí wọ́n ya á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ṣe sí Hai-Tang, fíìmù tí Wong ṣe olú òṣèré nínú rẹ̀, nìyẹn ní 1930: ti Jámánì, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fojú inú wò ó. Ìtàn kan náà ni, olólùfẹ́ kan náà ni nínú ìtàn, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ń ṣe olólùfẹ́ náà ń yí padà bí èdè ṣe ń yí: John Longden fún Gẹ̀ẹ́sì, Franz Lederer fún Jámánì, Robert Ancelin fún Faransé. Wong nìkan ni kò kúrò lójú kan. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́dún yẹn kan náà, ó ṣeré lédè Jámánì lórí ìtàgé ní Vienna.

A lè rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ráhùn iṣẹ́ mọ́. Ní 1935, ilé-iṣẹ́ sinimá MGM ní Hollywood ń wá ẹni tí yóò ṣe O-lan, ìyàwó àgbẹ̀ ará Ṣáínà, nínú fíìmù The Good Earth. Luise Rainer, ọmọ Jámánì, ni wọ́n fún. Wọ́n kun ojú rẹ̀ kí ó lè jọ ará Ṣáínà, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Ẹ kíyè sí i: Gẹ̀ẹ́sì Rainer ní ohùn Jámánì nínú, ìyẹn kò sì dí i lọ́wọ́. Ipa Lotus, ìyàwó kejì tí kò níwà, ni wọ́n fi lọ Wong. Ó kọ̀ ọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àṣírí tú pé ọ̀rọ̀ náà kò fìgbà kankan jẹ́ ti èdè.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó lọ sí Ṣáínà fún ìgbà àkọ́kọ́. Mandarin ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Taishan ni tirẹ̀. Elédè olóhùn bíi tiwa ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ̀kan kì í gbọ́ èkejì. Ojú ọmọ Èkó máa ń rí nǹkan bí ó bá dé àárín àwọn Ìkálẹ̀, àmọ́ tiwọn tún ju ìyẹn lọ. Ògbufọ̀ ló ń bá a bá àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sọ̀rọ̀, títí tí ó fi tún jókòó kọ́ Mandarin ní Beijing. Àwọn eléré ibẹ̀ sì sọ fún un pé ó ti di ará Amẹ́ríkà jù fún ìtàgé tiwọn.

Ní 1951, tẹlifíṣọ̀n DuMont fi í ṣe olú òṣèré nínú eré àtìgbàdégbà kan. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ wá láti Éṣíà kò tíì ní irú ànfààní bẹ́ẹ̀ rí. The Gallery of Madame Liu-Tsong ni àkọlé rẹ̀, Liu Tsong tí bàbá rẹ̀ ń pè é ní ilé ìfọṣọ. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló kú. Nínú eré yẹn, ìran kan ṣoṣo kò ṣẹ́kù tí a lè wò.