Ohun Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Thriller

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Orí àwo Thriller tí Michael Jackson gbé jáde lọ́dún 1982 ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ nípa bó ṣe tà tó, ẹ sì mọ̀ pé Grammy mẹ́jọ ni Michael kó lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún 1984. N ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ibi tí mo fẹ́ ká jókòó sí ni ọjọ́ kan lápá ìparí ọdún 1982, tí wọ́n parí àwo náà, tí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n tẹ́tí sí i, tó sì burú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Michael ti pé ọmọ ọdún 24. Quincy Jones ni pùródúsà, ẹni tó ń darí iṣẹ́ orin náà, òun ló bá a ṣe Off the Wall lọ́dún 1979. Bruce Swedien ni ẹnjiníà, ẹni tí ọ̀rọ̀ ohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rod Temperton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ mẹ́ta nínú orin mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀. Michael fúnra rẹ̀ kọ mẹ́rin. Off the Wall ti tà wìtìwìtì, àmọ́ Grammy kan péré ló mú wálé, ọ̀rọ̀ náà sì dun Michael wọra. Ó wá pinnu pé nínú èyí tó kàn, kò ní sí orin kankan tí wọ́n kàn fi dí àyè.

Oṣù kẹrin ni wọ́n wọ sítúdíò Westlake ní Los Angeles. Ó wù mí kí ẹ fojú inú wo irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Torí ìlù orin Billie Jean nìkan, Swedien kan pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé ìlù lé, ó sì rán aṣọ tó fi bo ìlù ńlá, kí ìró rẹ̀ má baà fọ́n ká. Ó ní kí Michael kọ apá kan nínú ègbè gba inú ọ̀pá páálí gígùn. Orin Human Nature ò tilẹ̀ sí lára ohun tí wọ́n ń wá. Orin David Paich ni Quincy fẹ́ gbọ́ lórí kásẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló ti bá orin Steve Porcaro pàdé, tí kò tíì parí, òun náà ló sì mú. Eddie Van Halen wá ta gìtá sí Beat It, kò gba kọ́bọ̀.

Ìgbà tó ṣe, ọjọ́ ń lọ. Epic, ilé iṣẹ́ tó ni àwo náà, ń retí rẹ̀ kí ọdún tó parí. Wọ́n ti na nǹkan bí dọ́là 750,000. Ní ìparí, yàrá mẹ́ta ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ń sùn dáadáa. Ilẹ̀ mọ́ bá wọn lẹ́nu rẹ̀, wọ́n gbé àwo ìdánwò sórí ẹ̀rọ. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Michael bú sẹ́kún. Ó jáde nínú yàrá, ó sọ fáwọn èèyàn rẹ̀ pé àwo náà ò ní jáde mọ́.

Kí ló fà á? Ojú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù dà bí oko tí wọ́n kọ ebè sí. Pòòrò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó ń yí bírí bírí láti etí wọ àárín, abẹ́rẹ́ á máa tọ̀ ọ́ lọ. Ohùn tó wúwo, bíi bẹ́ẹ̀sì àti ìlù ńlá, máa ń mú kí pòòrò yẹn yà sọ́tùn-ún yà sósì, àyè ló sì ń jẹ. Bí orin bá ti pọ̀ jù lójú kan, àwọn ìyípo pòòrò á fún mọ́ra. Ẹni tó ń gé àwo á wá rẹ ohùn sílẹ̀, kí ìyípo kan má baà já wọ èkejì. Bí bẹ́ẹ̀sì ṣe ń rù nìyẹn, tí ìlù á máa dún bíi pé ilé kejì ni wọ́n ti ń lù ú. Quincy mọ èyí tipẹ́. Ó mọ̀ pé tí èèyàn bá fẹ́ kí ohùn sanra, ojú kan ò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n ti kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ta ló fẹ́ gé ọmọ ara rẹ̀ níka?

Wọ́n sinmi ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n padà sídìí míksì, ìyẹn pípo ohùn àti ìlù pọ̀ kí wọ́n lè bára mu, orin kan lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́jọ. Wọ́n yọ ẹsẹ kan kúrò nínú The Lady in My Life. Wọ́n gé níbí, wọ́n dín lọ́hùn-ún. Lójú tèmi, ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ló sọ ọ́ di àwo tí a mọ̀. Ohun tó ṣáájú rẹ̀, orin tó dáa lásán ni. Ẹ wo ti Billie Jean: Swedien míksì rẹ̀ nígbà 91, ìkejì ni wọ́n padà sí. Aago mélòó ló lò sórí 89 tó kù? Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá ń tún lẹ́tà kan kọ nígbà kẹfà.

Ìparí oṣù kọkànlá ni àwo náà jáde, gígùn rẹ̀ ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 42 lọ lójú méjèèjì. The Girl Is Mine tí Michael àti Paul McCartney jọ fi ohùn sí ló ti ṣáájú rẹ̀ jáde, èmi ò sì tíì lóye ìdí tí wọ́n fi fi orin tó rọ̀ jù yẹn síwájú. Nínú orin mẹ́sàn-án náà, méje ló dá jáde gẹ́gẹ́ bí rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Nígbà tó di àkókò ìbéèrè, ọ̀dọ́bìnrin kan ní iwájú bi mí bóyá gbogbo ohun tí Quincy ní kí wọ́n gé náà ni wọ́n gé. Rárá o. Quincy ní ìbẹ̀rẹ̀ Billie Jean ti gùn jù, pé èèyàn á ti sú kí ohùn tó wọlé. Michael kọ̀. Ó ní ibẹ̀ gan-an ló ń mú òun fẹ́ jó. Agbára pùródúsà tóbi, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn pa á lẹ́nu mọ́, torí ta ló fẹ́ bá Michael Jackson jiyàn lórí ohun tó ń múni jó?

Ní 16 oṣù karùn-ún ọdún 1983, tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà gbé àjọ̀dún ọdún 25 ilé iṣẹ́ orin Motown sáfẹ́fẹ́. Gbogbo ayé ń sọ nípa bí Michael ṣe fi ẹ̀yìn rìn níbẹ̀ nínú Billie Jean. Ẹ lọ wo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ìlù bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀sì wọlé, Michael dé fìlà, ó dúró gbagidi, ó ń ju ìbàdí sí ìlù náà. Kò tíì la ẹnu. Gbọ̀ngàn ti ń pariwo.