Ìdárayá Sáré-Sinmi Lórí Òkè Àdúgbò Yín

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí. Ṣé a jí ire? Ìbàdàn ni mo wà, nísàlẹ̀ Òkè Àrẹ. Ojú ọ̀nà tí ẹ ń rí lẹ́yìn mi yìí la ó lò lónìí. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí irin gbígbé. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lásán ni, tí wọ́n da ọ̀dà sí, tí ó gùn tó nǹkan bí ìṣísẹ̀ 60 láti ìsàlẹ̀ dé orí.

Àwọn tí mò ń kọ́ ní ìdárayá láràárọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ìyálọ́jà tó ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, awakọ̀, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ̀yìn ń dùn nídìí tábìlì. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: àyè ò sí, owó jíìmù ò sí. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn sáré-sinmi. Ẹ ó ṣe kánkán fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó dẹwọ́, ẹ ó tún ṣe kánkán. Láti ìgbà tí ẹ bá jáde nílé títí tí ẹ ó fi wọlé, kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 30 lọ.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí: ìsinmi àárín yẹn, ara iṣẹ́ ni. Òun ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun náà ni mo sì fẹ́ fi àkókò ṣàlàyé.

Mo mú èèyàn méjì wá. Àbúrò mi obìnrin nìyí, òun ni yóò máa gun òkè. Bàbá wa nìyí, wọ́n ti lé ní 60 ọdún. Ẹ kú àárọ̀ sà. Tiyín yàtọ̀ díẹ̀, a ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Kí a tó gbé ẹsẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ ìlera. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn tàbí ásímà, ẹni tó lóyún, ẹni tó ti pẹ́ gan-an tó ti sáré gbẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ dókítà, nítorí àìtó omi lára àti àṣejù lè ta ìrora jí. Bí àyà bá ń dùn yín lẹ́nu eré, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ojú bá ń ṣú yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ parí ti ọwọ́ yín.

Bàtà: kánfáàsì ni, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ tán. Tòkunbọ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ká sí méjì bí aṣọ, ẹ fi í sílẹ̀. Sílípáàsì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni ibi tí a ó ti ṣe é. Ẹ wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò ga jù, tí ẹ lè rìn gòkè rẹ̀ láìtẹ̀ba. Ẹ kọ́kọ́ rìn ín lẹ́ẹ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé orí, kí ẹ máa wo ilẹ̀: kòtò, òkúta wẹ́wẹ́, gọ́tà tí wọn ò bò, ajá tí wọn ò so. Láti ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà, ọwọ́ òsì ni kí ẹ máa gbà, kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ àti ọ̀kadà tó ń bọ̀. Ẹ má fi nǹkan dí etí méjèèjì. Ẹni tó wà níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, ẹ lo àtẹ̀gùn ilé tàbí pápá iléèwé tó sún mọ́ yín, tí wọ́n bá gbà kí ẹ wọlé. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́, ẹ ó kàn yára sí i ni.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ààbọ̀ àárọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Oòrùn kò tíì mú, ilẹ̀ sì ti mọ́ tó kí awakọ̀ lè rí yín. Nígbà ọyẹ́, bí eruku bá bo ojú ọ̀run tí ẹ ò rí òpin àdúgbò dáadáa, ilé ni kí ẹ ti ṣe é lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ jẹ́ kí ara gbóná. Ìṣẹ́jú 7. Ẹ rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ máa ju apá. Ẹ dúró, ẹ yí ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀tún, òsì. Ẹ di ògiri mú, ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn gòkè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀; ẹ tún rìn gòkè, kó yára díẹ̀ sí i. Bí òógùn bá ti ń yọ wínníwínní níwájú orí, ara ti gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta. Àbúrò mi, ó yá, bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹ tan fóònù yín, ẹ fi aago rẹ̀ sí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Kò ká ìbàdí. Láti ọrùn ẹsẹ̀ ni gbogbo ara rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gún. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó sì yá. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síwájú àti sẹ́yìn, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ojú rẹ̀ wà níwájú, níbi tó máa tẹ̀ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá, kì í ṣe lórí bàtà rẹ̀. Gìgísẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Ó tó! Dúró níbẹ̀.

Báwo ni kó ṣe le tó? Ọ̀rọ̀ ẹnu la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí mo bá bi í pé "Báwo ni?" nígbà tó dé orí, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kó lè sọ kó tó mí. Bó bá lè ròyìn ọjà àná fún mi, kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí kò bá lè fọhùn rárá, ó ti kọjá ààlà. Ẹni tó ń gbé ara wúwo tàbí tí eékún ń dà láàmú, kó má sáré. Kó rìn gòkè kánmọ́kánmọ́. Òkè yóò fi kún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Nísinsìnyí, ìsinmi. Ẹ jẹ́ ká dúró síbí.

Àbúrò mi ń rìn bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ wò ó. Kò sáré sọ̀ kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba eékún jẹ́ ju ìgòkè lọ, nítorí gbogbo ìwúwo ara ń já lé e. Ó ń gba ìkọ̀rọ̀ kan sí ìkejì, ìṣísẹ̀ kékeré. Ó ń fi imú mí wọlé, ó ń fi ẹnu mí jáde. Yóò tó ìṣẹ́jú àáyá 90 kó tó dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó bá dé, n ó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bó bá lè sọ gbólóhùn kan pé láìgé e lójú ọ̀nà, ó ti yá fún ìgòkè kejì. Bí kò bá lè sọ ọ́, a ó dúró, kódà bí aago bá ti dún. Èémí yín ló ń pàṣẹ.

Àwọn tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n tún yí padà lójú ẹsẹ̀ pọ̀. Wọ́n rò pé ìyẹn ni akin. Ẹ wo ìgòkè wọn kẹrin: ó ti di wíwọ́. Ohun tí wọ́n ṣe kò yá mọ́, kò sì rọjú. Ẹ wo àgbẹ̀ tó mọ ebè kọ: ó kọ díẹ̀, ó nàró, ó fi ọwọ́ ti ọkọ́, ó mí, ó tún tẹ̀ba. Títí oòrùn yóò fi dé àtàrí, ebè rẹ̀ kò kéré sí ti òwúrọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan. Ní Jámánì, láàárín ọdún 1930 sí 1939, olùkọ́ eré sísá kan wà tó ń jẹ́ Woldemar Gerschler. Ó ń jẹ́ kí àwọn sárésáré rẹ̀ sá títí ìlù ọkàn yóò fi sún mọ́ 180 ní ìṣẹ́jú kan, yóò sì dúró kó bọ̀ sí 120 kó tó jẹ́ kí wọ́n tún sá. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, ó gbà pé eré yẹn ti le jù fún ẹni náà. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé àsìkò ìsinmi gan-an ni ọkàn ń di alágbára. Lọ́dún 1939, Rudolf Harbig, ọ̀kan nínú àwọn tí Gerschler ń kọ́, sá 800 mítà ní Milan ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 46.6, kò sì sí ẹni tó sá a kíá jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di ọdún 1955.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ja ìjà àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé pẹ̀lú Gene Fullmer ní pápá ìṣeré Liberty, ní Ìbàdàn yìí kan náà. Ìṣẹ́jú 3 ìjà, ìṣẹ́jú 1 lórí àpótí. Lẹ́yìn ipele keje, àwọn èèyàn Fullmer ní ó tó. Ẹni tó bá wo abẹ̀ṣẹ́ lórí àpótí yẹn yóò rí i pé kò ṣeré níbẹ̀: ó ń mí, wọ́n ń fi omi kàn án lẹ́nu, ó ń palẹ̀ mọ́. Irú ìsinmi tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe nìyẹn. Ẹ má mú fóònù jáde láti ka Facebook, ẹ má sì jókòó sílẹ̀. Ẹ máa rìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, iye ìgbà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìgòkè 4. Ẹ fi ọ̀kan kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé 8, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, ọjọ́ méjì ó kéré tán ló sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì bá ọ̀pọ̀ èèyàn lára mu. Bí àárín itan bá ṣì ń ro yín gógó láti ìjẹta, ìrìn jẹ́jẹ́ ni tòní.

Bàbá, ó kàn yín o, sà. Fún àwọn àgbàlagbà, kò sí ìdí láti sáré. Ní Yunifásítì Shinshu, ní ìlú Matsumoto ní Japan, ọ̀jọ̀gbọ́n Hiroshi Nose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìrìn kọ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti lọ: ìṣẹ́jú 3 kánmọ́kánmọ́, ìṣẹ́jú 3 jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007, itan àwọn tó rìn báyìí lágbára sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sì dín kù ju ti àwọn tó kàn ń rìn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilẹ̀ tó tẹ́ ni kí ẹ lò. Bàbá ń rìn kánkán báyìí, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ju apá. Ìrìn ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣeun sà, ẹ máa dẹ ẹ́ wálẹ̀.

Bí òjò bá rọ̀, ẹ fi àtẹ̀gùn ilé ṣe é, tàbí kí ẹ máa gun ìpele àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Ọ̀pọ̀ fídíò ń polówó Tabata, ìṣẹ́jú àáyá 20 kánkán, 10 ìsinmi. Lóòótọ́ ni Izumi Tabata fi í dán àwọn èèyàn wò ní Japan, ìwádìí rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1996, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn ti le tẹ́lẹ̀ ni wọ́n, lórí kẹ̀kẹ́ tí a gbé kalẹ̀. Mi ò ní fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní irú rẹ̀.

Àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ má jókòó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tó le fún 75 sí 150. Òkè wa kò lè kún un tán, ìgbádùn ló máa kún un. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ọgbà Àgódi lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ gun Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tó wà lókè níbí, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936, kí ẹ wo òrùlé Ìbàdàn. Ẹ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá àdúgbò. Ẹ bá àwọn ọmọ ṣe sùwé àti tẹ́ǹ-tẹ́ǹ; ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi ń fò yẹn ń kọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ. Bẹ̀ẹ́ ni, ẹ̀yin ìyá, ẹ káṣọ, ẹ bọ́ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: ìtura. Ẹ má dúró gbagidi lẹ́yìn ìgòkè tó kẹ́yìn. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 5, ẹ na ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lára ògiri, ẹ mu omi díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣẹ́jú kan bá pé lẹ́yìn ìgòkè yẹn, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, lápá àtàǹpàkò, ẹ ka ìlù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye ìgòkè. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó máa ń dẹ ìlù ọkàn. Ẹni tó bá ń lò ó, kó fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ara rẹ̀ dípò nọ́ńbà. Àbúrò mi, èló ni tìẹ? Ó ní 32. Ìyẹn jẹ́ 128 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ti kọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, lórí òkè kan náà, pẹ̀lú iye ìgòkè kan náà, a ó tún kà á, a ó sì fi wé tòní.