Èènì inú páálí DVD: bí wọ́n ṣe ń tún fíìmù ẹ̀yìn kámẹ́rà ṣe

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Bí ẹ bá ra fíìmù ńlá kan lórí DVD tàbí Blu-ray, ẹ sábà máa ń bá èènì nínú páálí rẹ̀: ìran tí wọ́n gé kúrò, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àti fíìmù ẹ̀yìn kámẹ́rà, ìyẹn èyí tó ń fi hàn wá bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Èènì yìí máa ń ṣòro láti tún ṣe ju ọjà tí a san owó lé lórí lọ. Fíìmù gan-an wà lórí nẹ́gátíìfù 35mm, ìyẹn rọ́ọ̀lù fíìmù tí wọ́n fi yà á, tí skáánà òde òní lè fa àwòrán 4K yọ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fíìmù ẹ̀yìn kámẹ́rà ti àwọn ọdún 1980 àti 1990, orí téèpù fídíò bíi U-matic àti Betacam SP ni wọ́n ti yà á, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti gé e. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìlà 480 ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n 4K ní 2160. Ohun tí kámẹ́rà kò rí lọ́jọ́ náà, kò sí skáánà tó lè rí i lónìí.

Orí bá ẹni tó lo rọ́ọ̀lù fíìmù dípò téèpù ṣe. Ní 1976 àti 1977, nígbà tí Francis Ford Coppola ń ya Apocalypse Now ní Philippines, tí ìjì wó ilé tí wọ́n kọ́ fún eré náà, tí àìsàn ọkàn sì dá òṣèré rẹ̀, Martin Sheen, dúbúlẹ̀, kámẹ́rà fíìmù 16mm ni Eleanor, ìyàwó olùdarí, fi ń ya gbogbo rẹ̀. Àwòrán yẹn ló di fíìmù ẹ̀yìn kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní Hearts of Darkness ní 1991, ó sì padà sí sinimá ní ẹ̀dà 4K ní 2025. Ká ní téèpù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, a kì bá tí máa sọ̀rọ̀ 4K.

Fún àwọn yòókù, téèpù àkọ́kọ́ ni a ní láti wá, nítorí pé wọ́n ti fún ẹ̀dà orí DVD àtijọ́ pọ̀ kí ó lè gba àyè. Bí a bá rí i, a kì í sáré kì í bọ inú ẹ̀rọ. Gọ́ọ̀mù tó so ìyẹ̀fun mágnẹ́ẹ̀tì mọ́ ara àwọn téèpù kan máa ń fa ọ̀rinrin mu títí yóò fi máa lẹ̀ bí oje igi. Bí téèpù náà ti ń yí ni yóò máa ké, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ yóò sì máa kù sára ẹ̀rọ, èyí tó túmọ̀ sí pé àwòrán ń ṣí kúrò lójú wa. Ìtọ́jú rẹ̀ ni pé kí wọ́n yan án, ní nǹkan bí 54°C, fún wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀, nínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ kì í yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó yín dán an wò nílé ìdáná.

Ìṣòro mìíràn fara sin sínú àwòrán náà. Fídíò ìgbà náà kì í ya odidi àwòrán lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì àwòrán ló ń yà, ní nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: ìlà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Ẹ wo ọwọ́ olùdarí tó ń juwọ́ sí àwọn òṣèré nínú àwòrán tí mo dá dúró yìí. Ìka rẹ̀ ti kúrò níbi tó wà kí ìdajì kejì tó dé, nítorí náà ni etí ọwọ́ náà fi rí bí eyín òòyà. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ bo àṣírí yìí, nítorí pé bí wọ́n ṣe yà á náà ló ṣe ń gbé e jáde; tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ló tú u. Ọ̀nà ọ̀lẹ ni kí a ju ìdajì kan nù: eyín òòyà á lọ, ṣùgbọ́n 480 ti di 240, àwọn ènìyàn á sì máa rìn bí ẹni tó ń tiro. Ọ̀nà tó dára ni kí kọ̀ǹpútà wo ohun tó wà ṣáájú àti lẹ́yìn ìdajì kọ̀ọ̀kan, kí ó fi wọ́n dí ìlà tó ṣófo, kí gbogbo 60 lè di odidi.

Ibi tó le jù ni ibi tí wọ́n ti ki ẹ̀já fíìmù gan-an bọ àárín ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwòrán 24 ni fíìmù ní láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ó lè bá fídíò mu, wọ́n á sọ àwòrán kan di ìdajì méjì, wọ́n á sọ èyí tó tẹ̀lé e di mẹ́ta, títí lọ, tó fi jẹ́ pé nínú àwòrán fídíò márùn-ún, mẹ́ta á mọ́, méjì á jẹ́ àdàlù. Ó ṣeé tú bí irun tí a dì, bí a bá mọ ibi tí ìdì náà ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ orí téèpù ni wọ́n ti gé e, gbogbo ibi tí wọ́n bá sì ti gé ni òǹkà ti lè yí padà, kí ènìyàn tún jókòó máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan á ní kí a kúkú fi ẹ̀já 4K tuntun rọ́pò rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ya ìran náà, kí ó sì jẹ́ èyí tí olùdarí kọ̀ sílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ ti pa ẹ̀rí rẹ́.

Irú ojú kan náà ni mo fi ń wo AI tí wọ́n fi ń na 480 di 2160. Ó máa ń gbìyànjú lára ògiri àti igi, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jìnnà sí kámẹ́rà, ó lè hun ojú tí ìyá onítọ̀hún kò ní dá mọ̀ fún un, kí awọ ara máa dán bí ìda. Ní 2011, nígbà tí ẹ̀dà gígùn The Lord of the Rings jáde lórí Blu-ray, àwo Blu-ray 6 ni fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà, DVD 9 ni wọ́n sì fi èènì sí, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó sàn ju ìda lọ.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí kì í hàn lórí àwo rárá. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìlà kankan, wọ́n á ti da ohun tó wà lórí téèpù sínú fáìlì bí ó ti rí gan-an, pẹ̀lú eyín òòyà rẹ̀ àti ariwo rẹ̀, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ, nítorí pé téèpù tí wọ́n ti yan lè má tún yí mọ́.