Bí a ṣe ń fi igi apá ṣe èèkù abẹ ìfárùngbọ̀n

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ káàbọ̀. Kábà ni mo wà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo jókòó sí. Ariwo sọ́mìlì lẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn, ẹ má jẹ́ kó dí yín lọ́wọ́. Abẹ kíká la fẹ́ ṣe èèkù fún lónìí, abẹ gígùn tí àwọn báábà àtijọ́ fi ń fá irùngbọ̀n, tó ń ká wọ inú èèkù ara rẹ̀.

Ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ ọ́, orúkọ ìlú náà ṣì hàn lára irin. Irin yìí le koko, kò sóhun tó ṣe é. Èèkù ló bàjẹ́. Sẹ́lúlọ́ìdì ni wọ́n fi ṣe é, ike àtijọ́ kan, tó bá sì ti gbó, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń jẹ irin. Ẹ rí i? Ibi tí èèkù bò nìkan ló dípẹtà. Ẹ má fi irú èèkù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lára abẹ tó dáa! Ẹ fi fáìlì fá orí ìṣó àtijọ́, kẹ́ ẹ wá gbá a jáde. Ẹ ṣáà fi aṣọ wé ojú abẹ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Igi wo la máa lò? Apá. Apá kì í wú púpọ̀ nígbà òjò, kì í sún kì púpọ̀ nígbà ọyẹ́, ẹ sì mọ bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe ilẹ̀kùn nílé wa níbí. Arère rọ̀ jù. Ìrókò dára, àmọ́ eruku rẹ̀ ń ta ọ̀fun. Ti apá náà ń múni sín, torí náà ẹ bo imú. Ẹ máa bi mí nípa kòsó. Igi náà pupa, ó dán, ó wù mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe gé e run nínú igbó Kogi! Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tó lè run, fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n máa ṣọ́ òwò rẹ̀. Àjẹkù tó bá ti wà nílẹ̀ ní sọ́mìlì nìkan ni kí ẹ mú. Ẹ má torí èèkù abẹ bẹ́ igi kankan lulẹ̀.

Ó yá. Ẹ la pákó sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 3, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi téèpù olójú méjì lẹ̀ wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ wá gé wọn, kẹ́ ẹ fá wọn, kẹ́ ẹ lu ihò wọn PAPỌ̀. Papọ̀ ni mo wí! Ihò tí ẹ bá lu lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní bára mu. Ọ̀kan lókè níbi tí abẹ ti ń yí, ọ̀kan ní ìdí, kí dríìlì jẹ́ mìlímítà 1.6. Ọ̀pá idẹ tó bá a mu, tí a máa fi ṣe ìṣó, wà lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà. Kẹ́ ẹ tó lu ti ìdí, ẹ gbé abẹ lé pákó bí ìgbà tó bá ká: ṣóńṣó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí wẹ́ẹ̀jì máa wà.

Wẹ́ẹ̀jì. Ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, torí ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí.

Pákó kékeré tó wà láàárín èèkù méjèèjì ní ìdí ni. Ọ̀pọ̀ yín á gé e kó nípọn bákan náà yí ká, ẹ óò tì í bọ àárín, ẹ óò kan ìṣó mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì ẹ óò kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, abẹ mi ń gbá igi." Á gbá a! Irin abẹ níbi ìṣó òkè nípọn ju ìdí lọ, torí náà èèkù méjèèjì ń sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ rí: etí tó kọjú sí abẹ á nípọn, etí tó kọjú síta á fẹ́lẹ́. Èmi máa ń ṣe é ní nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 2. Èèkù á wá yọ ikùn díẹ̀ láàárín. Ikùn yẹn ni ojú abẹ fi ń ráyè wọlé láìkan igi. Òun náà ló ń fún irin mọ́ lókè, kí abẹ má máa já bọ́ fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́ràn láti máa wo àwọn ìyá wa tó ń hun aṣọ ní Bùnú. Òfì wọn dúró lóòró, igi kan lókè, igi kan nísàlẹ̀, òwú nà láàárín. Tí igi ìsàlẹ̀ bá fì, bó ti wù kó kéré mọ, aṣọ á wọ́. Ìyá náà kò ní bá òwú jà, igi ló máa tún tò. Mo lè dúró tì wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Abẹ yín tó ń gbá igi, ẹ má bá irin jà. Ìdí ni kí ẹ lọ tún ṣe.

Nítorí náà, Ẹ MÁ TÍÌ KAN ÌṢÓ! Ẹ fi bóòtù tíńtín dè é ná. Ẹ tú aṣọ ojú abẹ, ẹ rọra ká a, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ṣé àyè tó wà lọ́tùn-ún bá ti òsì mu? Tí kò bá mu, ẹ tú u, ẹ fi sánpépà ra wẹ́ẹ̀jì díẹ̀, ẹ dè é padà, ẹ wò ó. Ẹ ra á. Ẹ dè é. Ẹ wò ó. Ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Tó bá ti gún, ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ wé aṣọ padà mọ́ ojú abẹ, ẹ fi sánpépà 120, 240, 400 fá èèkù tẹ̀lé ìlà igi, kẹ́ ẹ kun ún. Ẹ kun inú! Inú pàápàá! Tí ẹ bá ti kan ìṣó, ọwọ́ yín kò ní dé ibẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì ni omi máa ń sápamọ́ sí. Òróró línsíìdì tàbí fáníṣì ni kẹ́ ẹ lò. Mo mọ̀ pé òrí pọ̀ nílé wa, ó sì dára fún awọ ara, ṣùgbọ́n kì í gbẹ lára igi. Àdín náà kì í gbẹ.

Ìṣó wàyí. Ìdí lẹ máa kọ́kọ́ kàn. Wọ́ṣà kékeré lọ́tùn-ún lósì, kí idẹ yọ tó mìlímítà 1 lórí wọ́ṣà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jókòó lórí irin mìíràn tó tẹ́jú. Òòlù kékeré ni o. Etí orí idẹ ni kẹ́ ẹ máa lù yípo, kó máa tẹ́ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí abẹ dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó bá fi agbára lù ú, idẹ á wọ́ nínú ihò, igi á là. JẸ́JẸ́! Mo tún un wí, JẸ́JẸ́!

Ti òkè, ẹ máa dúró láàárín kẹ́ ẹ tú aṣọ ojú abẹ, kẹ́ ẹ rọra ṣí i, kẹ́ ẹ ká a. Ó ṣì ń já bọ́? Ẹ lù ú díẹ̀ sí i. Tó bá ti ń dúró síbi tí ẹ gbé e sí, tó sì ń wọlé láìkan igi, ẹ gbé òòlù sílẹ̀. Ẹ kán òróró ẹ̀rọ síbi ìṣó òkè, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ sórí òkúta ìpọ́nbẹ.

Ẹ ya fọ́tò wẹ́ẹ̀jì yín ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ TÓ kan ìṣó, màá bá yín wò ó.