Ìlà tó ń gbọ̀n lórí apá bàálù, àti apá tó lè yíra padà

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wọ bàálù ọ̀sán ní Kútọnu, tẹ́ ẹ jókòó síbi fèrèsé tẹ́ ẹ ti lè rí orí apá rẹ̀, tí oòrùn sì wà lókè dáadáa, ẹ wò ó fínnífínní, nígbà míì ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí òjìji tó ń sún síwá sẹ́yìn. Ojú yín ò tàn yín jẹ o, afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bàálù ńlá kì í yára tó ìró, bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìyára ìró ló sábà máa ń lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó gba orí apá rẹ̀ kọjá máa ń sáré ju bàálù fúnra rẹ̀ lọ, débi pé ó kọjá ìyára ìró. Kó tó dé ẹ̀yìn apá ó gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ padà, lójijì ló sì máa ń ṣe é, bí ìgbà tí oní zém kan, ìyẹn ọlọ́kadà, ń sáré bọ̀ láti Kútọnu tó wá tẹ bíréèkì lójijì láàárín títì. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀ lójijì yẹn ni wọ́n ń pè ní shock wave, tàbí shock lásán. Ó ń fa bàálù sẹ́yìn, epo ń jó dànù, tó bá sì le jù, afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ awọ apá á já kúrò, apá á máa gbọ̀n jìgìjìgì.

Richard Whitcomb, onímọ̀ ẹ̀rọ ní NASA, ilé iṣẹ́ ìwádìí òfurufú Amẹ́ríkà, ya àwòrán apá tí orí rẹ̀ tẹ́jú díẹ̀ kí shock yẹn lè rọ̀, wọ́n fi fò lórí bàálù ogun F-8 lọ́dún 1971. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, a ṣì ń jẹ èrè ẹ̀ dòní.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé tí awọ apá bá wú díẹ̀ níbi tí shock wà gan-an, wíwú tí gíga ẹ̀ kì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìbú apá, shock kan tó le á pín sí kéékèèké, afẹ́fẹ́ á sì rọra rọlẹ̀. Àmọ́ shock ò dúró sójú kan! Bí epo ṣe ń tán bàálù ń fúyẹ́, awakọ̀ ń yí ìyára padà, shock náà ń sún kiri, tí ibi tó wú bá wá wà níbi tí kò yẹ, òun fúnra ẹ̀ á tún máa fa bàálù sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ kó lè wú, kó sì lè padà pẹ́lẹ́bẹ́: nnkan tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ awọ apá á sọ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á pàṣẹ, ẹ̀rọ kékeré lábẹ́ awọ á ti í sókè. Àwọn kan ń lo irin níkẹ́ẹ̀lì àti tàìtéńíọ́mù tó jẹ́ pé tó bá ti gbóná, á padà sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Apá tó ń yíra padà ti fò rí o. Bàálù ogun F-111 kan fi apá tó ń tẹ̀ láìní àlàfo fò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985, nígbà tó di 2014 wọ́n fi irú ẹ̀ sẹ́yìn apá bàálù kékeré Gulfstream kan, ó sì tẹ̀ wálẹ̀ dé dìgírì 30.

Lójú tèmi, awọ yẹn ló ṣòro jù. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ kó lè tẹ̀, kó sì le kó lè gbé bàálù, nínú òtútù tó kọjá àádọ́ta dìgírì lábẹ́ òdo. Tí ẹ̀rọ tó ń ti í bá tún wúwo jù, epo tá a rò pé a fi pa mọ́, òun náà ló máa jẹ ẹ́.