Bí a Ṣe Ń To Ìsọ̀rí Mẹ́rin Sínú Tábìlì Kan Pẹ̀lú R: Àpẹẹrẹ Ọkọ̀ Titanic

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò yìí. Iṣẹ́ òní dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ dátà máa ń bi mí lemọ́lemọ́: bí ayípadà onísọ̀rí bá ti ju méjì lọ, báwo ni a ṣe ń to gbogbo wọn sínú tábìlì kan tí ojú yóò lè kà, tí kò sì ní ṣi ẹni tí ń kà á lọ́nà? Ayípadà onísọ̀rí ni ohun tí a kì í fi òṣùwọ̀n wọ̀n, bí akọ tàbí abo, ọmọdé tàbí àgbàlagbà, ẹni tí ó kú tàbí ẹni tí ó yè. Kíkà ni a ń kà wọ́n, ibi tí ẹ̀tàn sì ti máa ń wọlé ni pé a kà wọ́n tán, a kò bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó yẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí R, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò dátà. Dátà tí a ó lò ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín, nítorí náà a kò ní wá ohunkóhun lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Titanic ni orúkọ rẹ̀, lẹ́tà T ńlá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí R kì í ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí ọ̀kan náà. Àkọsílẹ̀ àwọn 2,201 ènìyàn ni, àwọn tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó kọlu òkè yìnyín ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1912, tí ó sì rì kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn 711 ni wọ́n yè nínú wọn, 1,490 sì ṣègbé. Bí a ti ń yí nọ́ńbà yìí sọ́tùn-ún sósì, ẹ jẹ́ kí a máa rántí pé ẹ̀mí ènìyàn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ kọ àṣẹ yìí, kí ẹ tẹ Enter:

d <- as.data.frame(Titanic)

Ẹ kọ d nìkan tẹ̀lé e, kí ẹ wo ohun tí ó jáde. Ìlà 32 ni. Class ń sọ kíláàsì tí ẹni náà wọ̀, kìíní, kejì, kẹta, tàbí Crew, èyí tí í ṣe òṣìṣẹ́ ọkọ̀. Sex àti Age kò nílò àlàyé. Survived ń sọ ẹni tí ó yè. Òpó tí ó gbẹ̀yìn, Freq, ni kí ẹ tẹjú mọ́: iye ènìyàn tí ìlà náà dúró fún ni ó wà níbẹ̀. Ìlà kan lè dúró fún ènìyàn 670, òmíràn lè má dúró fún ẹnikẹ́ni rárá.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín rí àṣìṣe kan báyìí. Ẹ kọ ọ́ bí mo ti kọ ọ́ yìí:

table(d$Class, d$Survived)

Ẹ wo ojú tábìlì náà dáadáa. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, títí dé àpótí tó kẹ́yìn. Ìlà inú dátà ni àṣẹ table kà, kò ka ènìyàn, kò sì mọ̀ pé Freq wà níbẹ̀. Inú mi dùn pé níbí, àṣìṣe náà hàn gbangba. Nínú dátà tí ìlà rẹ̀ kò dọ́gba báyìí, nọ́ńbà tí yóò jáde yóò yàtọ̀ síra, yóò jọ òótọ́, ẹ ó sì gbé e jáde fún ayé kà. Èyí tí ó tọ́ nìyí:

t2 <- xtabs(Freq ~ Class + Survived, data = d)

Ohun tí a fẹ́ kà ni ó wà lápá òsì àmì kékeré tí ó rí bí ìgbì omi yẹn, àwọn ìsọ̀rí tí a fẹ́ fi pín in ni ó sì wà lápá ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ pé dátà yín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ẹ kò nílò Freq. Ẹ fi apá òsì sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ t2, ẹ ó rí i pé nínú kíláàsì kìíní, 122 kú, 203 yè. Nínú kejì, 167 kú, 118 yè. Nínú kẹta, 528 kú, 178 yè. Nínú àwọn òṣìṣẹ́, 673 kú, 212 yè.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí a ti rọra rìn. Ẹ mú 203 yẹn, àwọn tí wọ́n yè nínú kíláàsì kìíní. Bí a bá fi 325 tí wọ́n wà ní kíláàsì náà pín in, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí a bá fi 711 tí wọ́n yè pín in, ó di bí ìdá 29. Bí a bá fi gbogbo 2,201 pín in, ìdá 9 péré ni. Nọ́ńbà kan náà ni, ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí àkọ́kọ́ ń bèèrè pé, ẹni tí ó wọ kíláàsì kìíní, báwo ni ó ṣe ṣeé ṣe fún un tó láti yè? Èkejì ń bèèrè pé, láàárín àwọn tí wọ́n yè, ta ni wọ́n? Mo ti ka ìjábọ̀ tí wọ́n ti fi ìdáhùn ọ̀kan sí abẹ́ ìbéèrè èkejì, tí wọ́n sì fi ṣe ìpinnu lórí owó. Nítorí náà, ẹ máa sọ fún R ohun tí ẹ fẹ́:

prop.table(t2, margin = 1)

Nọ́ńbà 1 túmọ̀ sí pé ìlà kọ̀ọ̀kan ni a ń fi àpapọ̀ tirẹ̀ pín. 2 jẹ́ ti òpó. Bí ẹ kò bá kọ margin rárá, gbogbo tábìlì ni yóò fi pín in.

Ẹ wo ìlà méjì ìsàlẹ̀. Kíláàsì kẹta, ìdá 25.2 ló yè. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀, ìdá 24. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò ní àwọn èrò kíláàsì kẹta sàn díẹ̀ ju àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu ayípadà kẹta kí a tó dájọ́.

t3 <- xtabs(Freq ~ Class + Sex + Survived, data = d)
ftable(prop.table(t3, margin = c(1, 2)))

Margin ti di méjì báyìí, nítorí a fẹ́ kí a fi àpapọ̀ kíláàsì àti akọ-tàbí-abo pa pọ̀ pín in. Iṣẹ́ ftable ni láti tẹ́ tábìlì náà pẹrẹsẹ; bí kò bá sí i, R yóò já a sí wẹ́wẹ́, ẹ ó sì máa yí ojú ìwé lọ sókè sódò. Láàárín àwọn ọkùnrin, ìdá 17 ló yè nínú kíláàsì kẹta, ìdá 22 nínú àwọn òṣìṣẹ́. Láàárín àwọn obìnrin, ìdá 46 nínú kíláàsì kẹta, ìdá 87 nínú àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́kùnrin lóbìnrin, òṣìṣẹ́ ló sàn jù, síbẹ̀ nígbà tí a da akọ àti abo pọ̀, ọ̀rọ̀ náà yí padà.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti rí. Nínú òṣìṣẹ́ 885, ọkùnrin ni 862, obìnrin kò ju 23 lọ. Nínú kíláàsì kẹta, obìnrin jẹ́ 196. Àwọn obìnrin ni wọ́n sì yè jù nínú ọkọ̀ náà, 344 nínú 470, nígbà tí ó jẹ́ pé 367 péré ló yè nínú ọkùnrin 1,731. Àwọn obìnrin yẹn ni wọ́n fa ìdá kíláàsì kẹta sókè. Ìdí tí mo fi ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má ṣe dúró lórí tábìlì ìsọ̀rí méjì nìyí, pàápàá bí ẹ̀mí tàbí ẹ̀tọ́ ènìyàn bá wà nínú rẹ̀.

Ẹ fi Age kún un, kó di mẹ́rin:

t4 <- xtabs(Freq ~ Class + Sex + Age + Survived, data = d)
ftable(prop.table(t4, margin = c(1, 2, 3)))

Níbi tí òṣìṣẹ́ àti ọmọdé ti pàdé, ẹ ó rí NaN, èyí tí R fi ń sọ pé ìdáhùn kì í ṣe nọ́ńbà. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Kò sí ọmọdé kankan láàárín àwọn òṣìṣẹ́, òdo ni R sì ń gbìyànjú láti fi pín òdo. Ẹ má ṣe fi òdo rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé àwọn ọmọdé kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn kú. Ẹ tún wo ọmọbìnrin kíláàsì kìíní: 1, ìyẹn odindi ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ẹ máa tẹ ftable(t4) sí ẹ̀gbẹ́ ìdá náà nígbà gbogbo, kí iye ènìyàn lè hàn.

Bí ayípadà bá pọ̀ débi pé kíkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan yóò sú yín, ẹ jẹ́ kí R máa gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:

lapply(c("Class", "Sex", "Age"), function(v) prop.table(xtabs(reformulate(c(v, "Survived"), "Freq"), data = d), 1))

Tábìlì mẹ́ta ni yóò jáde, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan lójú kọjú pẹ̀lú Survived. Ó dára fún ìwòye àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò t3.

Fún dátà tiyín, níbi tí àwọn kan kò ti dáhùn ìbéèrè, ẹ fi useNA = "ifany" sínú table, torí bí ẹ kò bá sọ ọ́, yóò yọ àwọn ẹni náà kúrò láìsọ fún yín.

Kí ẹ tó tọ́jú iṣẹ́ yín, ẹ kọ sum(t4). Bí ó bá jẹ́ 2,201, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ:

write.ftable(ftable(t4), file = "titanic.txt", quote = FALSE)

Bí nọ́ńbà mìíràn bá jáde, ìlà xtabs ni kí ẹ padà sí, kí ẹ wò ó bóyá Freq wà lápá òsì.